Léèsì Austria, Owó Ibodè Dublin

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ta léèsì. Àwọn oníbàárà mi ní Dublin ń pariwo pé aṣọ́bodè ń gbowó lọ́wọ́ àwọn. Ṣebí wọ́n ní Brexit ò mú owó ibodè wá?

Ìdáhùn: Wọ́n ò purọ́ fún yín, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Àdéhùn àárín Ìlú Ọba àti Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2021 yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà tí wọ́n bá ṣe ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Léèsì tí wọ́n ṣe ní Lustenau, ní Austria, tí ẹ kàn gé sí yáàdì márùn-ún márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí nínú ìyẹn. Bó ṣe ń padà wọ Yúróòpù, àlejò ló dà. Ó yani lẹ́nu, àmọ́ bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Léèsì tó wá láti Ṣáínà tiẹ̀ lè san án lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tó wọ Ìlú Ọba, àti nígbà tó wọ Yúróòpù.

Wàhálà ìwé tún wà níbẹ̀. Bí ẹrù èèyàn púpọ̀ bá wà nínú ọkọ̀ kan, ìwé ẹnì kan ṣoṣo tó ní àbùkù lè dá gbogbo wọn dúró.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníléèsì Austria máa fi ti Dublin ránṣẹ́ síbẹ̀ tààrà.