Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ TÍ Ó FẸ́ RA BỌ́Ọ̀SÌ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tí yóò máa kó ẹrù yín láti Ìyìn tàbí Ìgèdè wá sí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, ẹ má ṣe ná an láti orí iye tí ẹni tí ń tà á bá pè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú rẹ̀ níbi mẹ́ta. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí òǹtajà bá pè wá, ti òǹtajà ni yóò sọ. Ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò. Ìpàdé ni yóò dá iye tí ẹ kò ní kọjá, kí àwọn tí ẹ rán má sì sọ ọ́ síta.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017, ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé. Èyí tí ó gba ọ̀nà Kútọnu wọlé lẹ́yìn náà lè jẹ́ owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e lójú ọ̀nà. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má ná an rárá. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ó wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe ti alága.