Bí Ọkàn Ẹnìkan Bá Dúró Lójijì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti Bíbélì, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀mí ènìyàn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré Surulere ní Èkó, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 25 ni, kò sì dìde mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2012, Fabrice Muamba ṣubú ní Tottenham, níhìn-ín ní London. Ọkàn rẹ̀ kò dá lù fún ìṣẹ́jú 78, síbẹ̀ ó yè. Àìsàn wọn lè má jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà Muamba.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ pè é, ẹ gbọn èjìká rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tí ó kàn ń mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń hanrun, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín: ẹ gbà pé ọkàn ti dúró. Ẹni tí àyà ń dùn ṣùgbọ́n tí ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. 999 ni kí ẹ pè fún un, ẹ má tẹ àyà rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ṣubú nígbà àdúrà, a máa ń sọ pé Ẹ̀mí ló gbé e. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń mí ná. Omi tí a ń dà síni lórí àti ṣíbí tí a ń fi há eyín kò lè mú ọkàn tó dúró lù.

Kí ẹnìkan pe 999, kí ẹlòmíràn sáré wá ẹ̀rọ tí ń fi iná ta ọkàn jí. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ilẹ̀ líle. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì léra lé àárín àyà, ẹ na apá gbọọrọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń rẹni gan-an. Kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀, ẹni tó gbé fóònù ní 999 yóò ṣàlàyé.

Ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní ta ọkàn tí kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ ara gan-an ló gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́, nítorí náà bùbá gbọ́dọ̀ kúrò. A mọ̀ pé ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti ṣe èyí sí ìyá àgbà lójú ìjọ. Kí àwọn ìyá na ìró yí i ká, kí iṣẹ́ máa lọ.

Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ yín. Láti Peckham dé King's College Hospital kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìrètí ìyè ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí a kò bá ṣe nǹkan kan. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí àwọn oníṣẹ́ áḿbúláǹsì yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín.