Kíkàwé Mọ́ Iṣẹ́ àti Ìtọ́jú Ilé

Ìbéèrè: Ọ̀nà wo ni òṣìṣẹ́ tó ti lọ́mọ lè gbà kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, tí iṣẹ́ kò fi ní bàjẹ́, tí ilé kò sì ní tú?

Ìdáhùn: NOUN, fásitì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n tì pa ní 1984, tí wọ́n sì tún ṣí ní 2002, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè gba ẹ̀kọ́ àtòkèèrèṣe, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ láìjẹ́ pé ó ń jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́. Iye kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan, èyí tí í ṣe ìdajì ọdún ẹ̀kọ́, ló ń pinnu bí ẹrù rẹ̀ yóò ti wúwo tó. Nítorí náà, bí àsìkò ìdánwò bá bọ́ sí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ń parí ìṣirò owó ọdún, ó sàn kí ó dín kọ́ọ̀sì kù, bí oyè náà tilẹ̀ máa pẹ́ díẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ó yẹ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tètè mọ ọjọ́ ìdánwò, kí tọkọtaya sì ti jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò lọ mú ọmọ níléèwé àti ẹni tí yóò dáná ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.