Òde Kì Í Tán ní Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi ìlù, gìtá, kíbọ́ọ̀dù àti ohùn jẹun ní Èkó, ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ kò gùn: òde kì í tán ní Èkó, èèyàn ni ó ń tán. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò ní pẹ́ nídìí orin, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dùn tó.

Àwọn tó ń wò wá láti orí àga ní gbọ̀ngàn àríyá rò pé wákàtí díẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a wo onígángan kan láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó wà níbi ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Agége títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò tíì jẹun àárọ̀ Sátidé tí ọkọ̀ bándì fi dé. Òde ń bẹ ní Lẹ́kí. Ó bá wọn kó gbohùngbohùn, ó bá wọn fa wáyà, ó sì yẹ awọ ìlù rẹ̀ wò bóyá òjò àná ti kàn án. Bí awọ bá ti tutù, ohùn rẹ̀ á wúwo, kò ní í pe orúkọ ẹni já gaara, àfi kó sá a sí oòrùn. Aago méjìlá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, aago mẹ́ta ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlù wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń fún un, ó ń lù ú, ó ń ki ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìgbà tí àlejò jẹun tán ni oúnjẹ kan bándì. Lálẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró lórí afárá Third Mainland, oorun gbé e lọ lórí ìjókòó, ìlù rẹ̀ wà lórí itan. Ilẹ̀ Àìkú mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ti ń retí rẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣe báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi ààlà sí i, ohun mẹ́ta ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ara rẹ̀, owó rẹ̀, àti ohun tuntun tí Ọlọ́run fi sínú rẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ara. Etí ni olórin fi ń ṣiṣẹ́ kó tó fi ọwọ́ ṣe é. Àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ sọ pé ariwo tó bá tó 85 lórí òṣùwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní dẹ̀síbẹ̀lì, wákàtí 8 lóòjọ́ ni kí èèyàn má ṣe kọjá nínú rẹ̀. Bó bá fi 3 lé e, ìdajì àkókò náà ló kù: ní 88, wákàtí 4. Tó bá fi máa di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹ wo ìdí gbohùngbohùn ńlá tí ẹ máa ń dúró sí láti ọ̀sán títí di alẹ́, ẹ fi ọkàn yín ṣírò rẹ̀. Etí tó bá ń hó nígbà tí ẹ délé ti ń kìlọ̀ fún yín, nítorí agbára ìgbọ́ràn tí ariwo bá bà jẹ́ pátápátá kì í padà wá. Ẹ ra ohun tí a fi ń dí etí nílé oògùn, kò wọ́n. Ẹ gbé ìdúró yín kúrò níwájú gbohùngbohùn, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì na kóró oògùn tàbí ọtí líle sí yín pé ẹ fi lé oorun lọ, ẹ má gbà á. Oorun nìkan ni oògùn oorun.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Láyé tiwa, owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ wa níwájú orí ni púpọ̀ nínú wa fi ń sanwó ilé. Ṣùgbọ́n Òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà lóde àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2024, àjọ EFCC tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi owó tí ẹnì kan lè ná tàbí kó má ná pète ìgbésí ayé yín. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ bándì, ẹ bi ọ̀gá yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá mi, èló ni tèmi, ìgbà wo ni màá sì gbà á?" Ẹni tó bá ń pè yín tààrà, kó san ìdajì sílẹ̀ kí ọjọ́ òde tó pé. Ẹ sì rántí pé òde oṣù Kejìlá kì í bá wa dé oṣù ààwẹ̀ àti Lẹ́ńtì, nígbà tí àríyá máa ń dín kù. Bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún.

Bó bá jẹ́ sítúdíò ni wọ́n pè yín sí, ẹ túbọ̀ la ojú yín. Orin tí ẹ bá fúnra yín kọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ yín lè jẹ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ yín náà lè jẹ níbẹ̀. Ẹ má tà á nítorí owó ọkọ̀ ọjọ́ kan. Kí orúkọ yín wọ ìwé kí ẹ tó jáde ní sítúdíò. Àwọn tó ṣáájú mọ èyí. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola alápàlà àti I. K. Dairo oníjùjú para pọ̀ dá Star Records sílẹ̀, kí àwo orin àwọn olórin lè wà lọ́wọ́ àwọn olórin fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sídìí Dairo yìí, nítorí òun ló fi ohun kẹta tí mo kà, ohun tuntun inú ẹni, hàn. Ó ṣiṣẹ́ onígbàjámọ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó dún. Nígbà tó yá, ó mú accordion, tí kò sí nínú jùjú tẹ́lẹ̀, ó fi kọrin Yorùbá títí etí gbogbo ayé fi gbọ́. Ní ọdún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ọdún díẹ̀ kó tó kú ní 1996, ó wà ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ohun tó mọ̀. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ báyẹn ń fẹ́ àkókò: kí èèyàn jókòó ti ohun èlò rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń jó, kó gbìyànjú ohun kan, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Ẹni tó ń sáré láti Ìkòròdú lọ sí Lẹ́kí ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yóò máa lu ohun tó lù lọ́dún tó kọjá.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé, "Bàbá, bí mo bá kọ òde, ọ̀gá kò ní pè mí mọ́." Bí a ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ tètè sọ, ẹ má dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ òde. Ẹ pè é, ẹ má kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ sọ pé, "Ẹ má bínú ọ̀gá mi, n kò ní lè dé Sátidé yìí, ṣùgbọ́n mo ti bá yín rí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ dáa." Ọ̀gá kì í gbàgbé ẹni tó fún un ní arọ́pò. Ẹni tó gba iṣẹ́ tí kò sì wá, tàbí tó wá tó ń tòògbé nídìí ìlù, òun ni wọn kì í pè mọ́.

Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni má rí i gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ sùn, ẹ bá ìyàwó tàbí ọkọ yín jókòó, ẹ kó àwọn ọmọ mọ́ra, kí ẹ wá gbé ohun èlò yín, kí ẹ kọ́ ohun kan tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín, láti ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.