Fi Pàńlá Bá Ajá Náà Sọ̀rọ̀

Igbó-Ọrà

Àjọkẹ́, ọmọ àbúrò mi,

 

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù. O ní ajá yín kì í jẹ́ kí ará ilé sùn, pé àyà àlejò ló máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, pé lańlọ́ọ̀dù ti fún yín di òpin oṣù kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i. O ní ẹnì kan ní kí ẹ máa po ata rodo mọ́ oúnjẹ rẹ̀ kó lè gbọ́n, òmíràn ní pàṣán ló kù. Ata tó wà ní ọjà Mile 12, ọbẹ̀ ni wọ́n kó o wá fún. Ẹ má fi ti ajá kún un.

Ìbéèrè kan ni kí o máa bi ara rẹ: kí ni ajá yìí ń rí gbà nínú ohun tó ń ṣe? Ajá kì í ṣe nǹkan léraléra lásán. Bí a bá mọ èrè tó ń jẹ níbẹ̀, a ó mọ ibi tí a ó ti dí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ti gbígbó òru. Kétu, nítòsí yín ní Ìkòsí, ni mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ bí òru ṣe ń rí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Èkó yòókù bá ń sùn ni tírélà tòmátì àti alùbọ́sà ń ti Òkè Ọya wọ Mile 12. Wọ́n á fun fèrè, bíréèkì á han, àwọn alábàárù á máa pariwo. Ajá yín á gbó. Tírélà á kọjá. Lójú tìrẹ, ọjà ni tírélà ń lọ. Lójú tiẹ̀, òun ló lé e lọ. Òròòru ló ń jagun, òròòru ló ń ṣẹ́gun; kí ni yóò wá mú un dákẹ́? Bí o bá tún yọjú lójú fèrèsé tí o ń jágbe, ṣe ló máa rò pé ìwọ náà ti wá ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ gbé e kúrò nídìí géètì lálẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni kó máa sùn, kí ẹ sì fi páànù dí ojú ihò tó ń gbà wo títì. Ìyẹn nìkan á dín ariwo kù, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ ajá náà ní nǹkan.

Ìtàn Ivan Pavlov wà lára ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì. Ará Rọ́ṣíà ni. Iṣẹ́ tó ṣe lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara ló fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ṣùgbọ́n àwọn ajá tó fi ń ṣèwádìí náà kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn: itọ́ wọn ti ń dà kí oúnjẹ tó dé ẹnu, bí wọ́n bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé e bọ̀. Ìró tí kò já mọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti di àmì oúnjẹ. Ohun tí a fẹ́ fi fèrè tírélà ṣe nìyẹn.

Ra pàńlá gbígbẹ, kí o já a wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà. Nírọ̀lẹ́, jókòó ti ajá náà níbi tí fèrè ti ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ó bá ti gbọ́ ọ tí etí rẹ̀ nà, kó tó la ẹnu, fún un ní pàńlá. Fèrè dákẹ́, pàńlá dáwọ́ dúró. Ìró ni kó ṣáájú, kí ẹja tẹ̀ lé e. Bí o bá yí i padà, kò ní kọ́ nǹkan kan. Bí ó bá sì ti ń gbó kí o tó nawọ́, ìró náà ti pọ̀ jù fún un nìyẹn. Ẹ sún sẹ́yìn sí i, tàbí kí o gba ìró fèrè sínú fóònù rẹ kí o máa tẹ̀ ẹ́ fún un jẹ́jẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tó bá gbọ́ fèrè tó yíjú sí ọ dípò géètì, o mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ létí.

Má fi ẹran inú ọbẹ̀ ṣe é o. Alùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, yálà tútù ni tàbí sísè.

Ní ti fífò mọ́ àlejò, ojú ènìyàn ló ń wá. Ẹni tó ń tì í dànù ń bá a ṣeré ni, ẹni tó ń pariwo náà ń bá a ṣeré. Kí àlejò kẹ̀yìn sí i kó ká ọwọ́ gbera; bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kan ilẹ̀, kó yíjú padà kó kí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Bí ọkọ rẹ bá ń gbà á mọ́ra lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn, tó ń lé e lọ́jọ́ tó wọ funfun, ajá náà á dà bí ẹni tó ń ta lọ́tò: ẹ̀ẹ̀kan tó jẹ náà ló ń mú un padà wá.

Bàbá mi, bí o ṣe mọ̀, ọdẹ ni wọ́n. Bí ajá wọn bá lé ẹran bá, inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ìfun fún un, wọn kì í dúró di ilé. Ajá kò lè so èrè ìrọ̀lẹ́ mọ́ iṣẹ́ àárọ̀. A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójú tèmi, ẹ̀bi ọdẹ máa ń wà níbẹ̀. Ajá bàbá mi ń gbọ́ torí pé fèrè náà kò pè wọ́n wá jẹ ìyà rí. Má pe ajá rẹ wá kí o wá nà án láé.

Pàṣán gan-an ńkọ́? Ní 2020, àwọn olùwádìí kan ní Porto, ní Pọ́túgà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ajá 92 láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ ajá. Àwọn tí wọ́n ń fi ìjágbe àti fífa okùn mọ́ lọ́rùn kọ́, cortisol pọ̀ nínú itọ́ wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ju ti àwọn tí wọ́n ń fi èrè kọ́ lọ. Cortisol ni ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni pé bí o bá na ajá torí pé ó ń kùn, kíkùn náà ló máa fi sílẹ̀, kì í ṣe ìbínú. Kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ajá tí kò kìlọ̀ mọ́, eyín lásán ló kù.

Ẹ má sì so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mú un rìn ní ẹ̀gbẹ́ CMD Road kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹ tún bá mi gé orúkọ tí ọkọ rẹ sọ ọ́ kúrú, Ọ̀tá-ń-wò-mí. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni láti fi orúkọ ajá bá ará ilé wí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó máa pariwo irú rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń bá yín jà.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lọ́dọọdún, lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára ènìyàn, ekukáká ni ẹnì kan fi ń yè é. Bí ìwà ajá bá sì ṣàdédé yí padà, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ara lè máa dùn ún.

Ó ku lańlọ́ọ̀dù. Má fẹnu lásán bẹ̀ ẹ́. Ṣáájú òpin oṣù, fi pàńlá kọ́ ajá ní "jókòó"; nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n, tó sì ti ń fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ fún àlejò, lọ kí Bàbá lańlọ́ọ̀dù, kí o kúnlẹ̀ dáadáa, kí o fi pàńlá díẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ní kí wọ́n fúnra wọn ní kí ajá jókòó, kí wọ́n sì ju pàńlá náà fún un.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.