Ṣé Ìdòwú mi kò gbọ́n ni?

Olóòtú wa, ọ̀rọ̀ Ìdòwú mi ni mo bá wá. Ó pé ọmọ ọdún márùn-ún lóṣù tó kọjá, a sì mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan kó lè bẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dán an wò, wọ́n ní kò yege, kó padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Wọ́n ya ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ àti mọ́tò síbẹ̀, wọ́n ní kó fàlà sí èyí tí kò bá àwọn yòókù mu. Adìẹ ló fàlà sí. Nígbà tí mo bi í nílé, ó ní, "Mọ́mì, adìẹ nìkan ló ní ẹsẹ̀ méjì."

Nílé wa, ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ ká sùn láìpàlọ́, agbára káká sì ni kí wọ́n pa èyí tí ọmọ yìí kò ní mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà pa tirẹ̀: "Àlàbá kejì ń bẹ nílé wa, ara ògiri ló ti ń mu ọmú." A sọ ọ́ títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Fóònù bàbá rẹ̀ ni! Àwọn ìbejì tó tẹ̀ lé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ kó má baà gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí bisikíìtì, Táyé sọ fún Kẹ́hìndé pé, "Gbégé ege pagamọ́gọ́." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti gbọ́ ohùn Ìdòwú: "Mogo gbọ́gọ́!" Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ta ni ká gbà gbọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ni àbí ojú wa?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ adìẹ, ẹ̀rín pa mí, mo tún padà kà á. Ewúrẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin; àgùntàn, ẹsẹ̀ mẹ́rin; mọ́tò, táyà mẹ́rin. Ibo ni ọmọ ti ṣì í? Ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ adìẹ?" Ẹ̀yin bi í nílé, ó dá yín lóhùn.

Alfred Binet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Théodore Simon ló gbé ìdánwò òye ọmọdé jáde ní Paris lọ́dún 1905. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pe ọmọ jókòó, ẹnu ni wọ́n sì fi ń bi í ní ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè wọn. Wọ́n á fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, "Paris", "odò ṣíṣàn" àti "ọrọ̀", wọ́n á ní kó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gbólóhùn kan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ló fi yàtọ̀ sí eré tí Ìyá Àgbà ń bá wọn ṣe lálẹ́? Ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń wá, kì í ṣe ọmọ tí wọn yóò tì síta.

Ẹ má bínú sí mi o, n kò ní ka gbogbo àlọ́ tó ń mọ̀ sí ọgbọ́n. Ọmọ tó ti gbọ́ "awẹ́ obì kan à jẹ dọ́yọ̀ọ́" nígbà ogún, tó wá pariwo "ahọ́n!", ó rántí ni. Ti Àlàbá kejì yẹn ló yàtọ̀. Ó rí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọmú, ó rí wáyà lára ògiri, ó sì so méjèèjì pọ̀ láìsí ẹni tó tọ́ka sí i.

Ti ẹnà gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Kí ọmọ tó lè tú u, àfi kó gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kó yọ gbogbo "gé" àti "gọ́" dànù, kó sì di ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ mú kó má baà bọ́ sọnù. Gígé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé kíkà. Ó ti ń ṣe é nídìí bisikíìtì kí tíṣà tó dé.

Ẹ kò sọ èdè tí wọ́n fi dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n méfò: Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà.

Torí náà, ẹ padà lọ, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá bi í lẹ́nu, kí wọ́n sì gbọ́ àlàyé rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má sunkún: ọdún mẹ́fà ni ìlànà ìjọba fi sí fún ọmọ tó ń wọ kíláàsì kìn-ín-ní, márùn-ún sì ni tiyín. Ẹ kàn má máa pè é síwájú àlejò pé kó wá pàlọ́. Ìdòwú ni, ẹ mọ orí kunkun wọn. Lọ́jọ́ tí kò bá wù ú, ojú á tì yín.

Ẹ bá mi kí i: Ìgìdògòwúgú, ogo kúgú igi ṣẹ́gẹ́!