Ta Ló Gé E? Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Wádìí RNA Nínú Bakitéríà

RNA tí bakitéríà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde láti ara DNA rẹ̀ kì í sábà ṣeé lò bó ṣe wà. Ó máa ń gùn jù, ọ̀kan a sì so mọ́ èkejì. Ibi méje ni jíìnì RNA ráíbósómù wà lórí DNA Escherichia coli. Níbi kọ̀ọ̀kan, okùn gígùn kan ṣoṣo ló ń kó 16S, 23S àti 5S jáde pọ̀, tRNA náà a sì há sí àárín wọn. Bí aránṣọ ṣe ń gé apá àti ọrùn aṣọ lára ìgàn kan náà ni àwọn ẹ́ńsáìmù ṣe ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. RNase III á gé ibi tí okùn náà ti ṣẹ́po mọ́ra, RNase E á ya 5S sọ́tọ̀, RNase P á rẹ́ iwájú tRNA, àwọn mìíràn á sì máa jẹ ìdí rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gún. Ní ti mRNA, ìparun ni gígé sábà máa ń mú bá a. Nínú E. coli, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ìdajì ọ̀pọ̀ wọn fi ń pòórá.

Iṣẹ́ tó le jù fún ẹni tó bá yan ìmọ̀ yìí ni kó mọ ẹni tó gé RNA tó wà níwájú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì lè gé e; ọwọ́ olùwádìí fúnra rẹ̀ náà lè gé e. Méjèèjì kì í yàtọ̀ lójú lórí jẹ́ẹ̀lì.

Ìmọ́tótó ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA wà lára awọ, nínú òógùn àti nínú itọ́ ènìyàn, agbára wọn kò sì kéré: RNase A, tí àwọn ilé ìwádìí mọ̀ jù nínú irú wọn, á bọ́ sínú omi híhó, á sì tún jáde wá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, a kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, a kì í fi ìbọ̀wọ́ tó ti kan ilẹ̀kùn tàbí fóònù mú ìgò RNA, omi tí a fi ń ṣiṣẹ́ RNA kì í sì í bá ti àwọn yòókù dúró sójú kan. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ó sàn kí RNA wà nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù ju kó wà nínú omi lọ. Bí fírísà bá yọ́, èyí tó wà nínú omi ló kọ́kọ́ ń lọ.

Àsìkò ló tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ míì á gbé bakitéríà sínú ẹ̀rọ tó ń yí wọn, á fi wọ́n síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò tó pa wọ́n. RNA sẹ́ẹ̀lì tí ebi àti òtútù ti mú ló ń wọ̀n yẹn, kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà. Kí a da bakitéríà tààrà láti inú ìgò sínú fẹ́nọ́ọ̀lù òun ẹ́tánọ́ọ̀lù tútù ló tọ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí mRNA ṣe ń pẹ́ tó, rifampicin la fi ń dá RNA tuntun dúró, oògùn kan náà tí àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lò. Láti ìgbà tí a bá ti fi í sí i, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú la fi ń bù nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ń fura sí ọwọ́ ara rẹ̀ jù náà lè da òótọ́ nù. Nínú ọ̀pọ̀ Salmonella, 23S kì í fara hàn ní odidi. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i báyìí á rò pé RNA òun ti bàjẹ́. Ní 1990, ilé ìwádìí Norman Pace fi hàn pé àfikún kan wà láàárín jíìnì náà, pé RNase III ń gé àfikún yìí kúrò, àti pé kò sóhun tó ń so ẹ̀yà tó kù pa dà. Ráíbósómù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àtimọ ìyàtọ̀ kò le: kí a yọ RNA E. coli lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ kan náà, pẹ̀lú omi kan náà. Bí ti E. coli bá wà lódidi, ọwọ́ kò lẹ́bi.

Ìtàn RNase P ló yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìfura àwọn ẹlòmíràn ti sọ iṣẹ́ di líle. Ní 1971, lẹ́yìn tí Sidney Altman ti ṣiṣẹ́ ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn tRNA tí a kò tíì rẹ́ iwájú rẹ̀ jáde. Ó lọ sí Yale, ó ń wá ẹ́ńsáìmù tó ń rẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọ ẹ́ńsáìmù náà mọ́, RNA kan á ṣì wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti pè é ní ìdọ̀tí, kó sì máa fọ̀ ọ́ lọ. Ní 1978, Altman àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kéde pé bí a bá ba RNA náà jẹ́, ẹ́ńsáìmù kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ kò gbà. Ní 1983, òun àti ilé ìwádìí Pace fi hàn pé RNA náà nìkan, tó jẹ́ núkílíótáìdì 377 nínú E. coli, ń gé tRNA láìsí prótéènì, bí magnẹ́síọ́mù bá pọ̀ tó. Iyèméjì kan ṣì kù: bóyá prótéènì díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn láti inú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó di 1984, wọ́n tẹ RNA náà jáde láti ara jíìnì rẹ̀ nínú ìgò, níbi tí prótéènì RNase P kò ti sí rárá, ó sì gé. Ẹ̀bùn Nobel 1989, tí Altman àti onímọ̀ mìíràn, Thomas Cech, jọ gbà, wá lẹ́yìn náà. Nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ 1984 ni àwòkọ́ṣe tó dára jù, torí pé àtakò tó lágbára jù lọ ló mú, tó sì dá a lóhùn.

RNase E kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ilé ìwádìí David Apirion ní St. Louis rí bakitéríà kan tí kò lè ya 5S sọ́tọ̀ nínú ooru. Wọ́n pe jíìnì rẹ̀ ní rne. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, àwọn ará Japan rí òmíràn tí mRNA rẹ̀ ń pẹ́ láyé. Wọ́n pe jíìnì tirẹ̀ ní ams. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó hàn pé jíìnì kan náà ni. Ohun tí kálukú ń wá ló rí. Ẹni tó bá ní bakitéríà tí jíìnì rẹ̀ yí padà, kó yẹ tRNA, RNA ráíbósómù àti mRNA wò pọ̀. Bó bá sì gbé e sínú ooru, kó gbé èyí tí jíìnì rẹ̀ pé sínú ooru kan náà, torí pé ooru nìkan tó láti yí ohun púpọ̀ padà nínú sẹ́ẹ̀lì.

Iwájú RNA náà máa ń tan àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ìgbàlódé kà á. RNA tí a kò tíì gé ní fọ́sífétì mẹ́ta níwájú. Èyí tí RNase E gé ní ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ló wá gbà pé ibi tí wọ́n bá ti rí ẹyọ kan, gígé ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ní 2008, ilé ìwádìí Joel Belasco fi hàn pé ẹ́ńsáìmù RppH ń yọ fọ́sífétì méjì kúrò níwájú RNA láìgé e. Ẹ̀rí ibi gígé kò pé àfi bí gígé náà bá dáwọ́ dúró nígbà tí a bá mú ẹ́ńsáìmù tí a ń fura sí kúrò.

E. coli kọ́ ni gbogbo bakitéríà. Bacillus subtilis kò ní RNase E rárá. RNase Y àti RNase J1 ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí bakitéríà tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, kó kọ́kọ́ wá inú DNA rẹ̀, kó mọ èwo nínú wọn ló ní, kó tó ná owó kankan.